Ọmọ Alófì Lórí Omi Dídì

Mànítóbà, Kánádà.
12 Nòfẹ́ńbà, 1983.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá pẹ́ jù lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbí, òtútù ilẹ̀ á gbá mi mú ni. Ẹ kú iṣẹ́ òfì. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìyá mi ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń gbádùn? Bàbá Jímọ̀, àbúrò yín, ńkọ́? Mo lérò pé ẹ̀yin méjèèjì kò tíì jà láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn.

Ara mi le. Mo ṣì wà ní ìlú kékeré tó wà létí adágún tí mo sọ fún yín, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ mi. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀ báyìí. Mọ́tò kò lè rìn dáadáa mọ́. Ohun tí wọ́n ń gùn ni alùpùpù kan tí kò ní táyà. Níwájú, pátákó méjì ló fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ẹni tó bá gùn ún á sì máa fi ọwọ́ darí wọn bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn, bẹ́líìtì rọ́bà kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní ìkírun, ó sì ní eyín-eyín lára. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i po, òun ló sì ń ti alùpùpù náà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo ní kí wọ́n pa á kí n lè wo abẹ́ rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbí tí ń jẹ́ Isaac. Kì í ṣe òyìnbó o. Ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an ni, àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló wà níbí kí òyìnbó tó dé. Òun ló ń gbé oògùn láti ilé ìwòsàn ìlú wa lọ fún àwọn tí ń gbé lódì kejì adágún. Nígbà òtútù, adágún náà máa ń dì gbagidi, orí rẹ̀ ló sì máa ń gbà kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti débí ló ti mú mi bí ọmọ. Òun ló fún mi ní bàtà tí mo fi ń rìn nínú yìnyín, òun ló sì kọ́ mi bí mo ṣe lè bo imú kí òtútù má baà jẹ ẹ́.

Alùpùpù rẹ̀ máa ń rì bí yìnyín bá jìn. Ó wá ra bẹ́líìtì mìíràn, èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí eyín rẹ̀ sì ga. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà ló ṣe é, nítorí náà kò bá a mu. Èmi ni Isaac ní kí n bá òun mú un bá a mu. Ẹ ò bá wá wò mí, Bàbá! Mo gbé ìdí alùpùpù náà lé orí àpótí, mo tú irin abẹ́ rẹ̀, mo yọ bẹ́líìtì àtijọ́, mo sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Ara ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, kò gba bẹ́líìtì náà. Mo gé irin lára ọkọ̀ kan tó ti kú, mo jó o mọ́ ọn, mo sì sún àwọn wíìlì ẹ̀yìn sẹ́yìn. Eyín bẹ́líìtì tún ń ha irin tó wà lókè rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gé orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gé èékánná ọmọ ọwọ́. Mo lu ihò sí ara bẹ́líìtì náà, mo de ìṣó mọ́ ọn kí ó lè máa di omi dídì mú.

Ohun kan ló kù tó ń da ọkàn mi láàmú. Bí a bá ti so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà, bẹ́líìtì á máa fò lórí eyín wíìlì tó ń yí i, á máa ró gbà, gbà, gbà. Ká ní òwú orí òfì ni, ẹ̀yin ì bá ti mọ ohun tó ń ṣe é láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ lọ́nà ibí, ẹ fi irú díẹ̀ rán an. Ẹ dì í dáadáa. Ti ìjọ́sí, àwọn aṣọ́bodè fẹ́ẹ̀ pe ọlọ́pàá.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́nì Àjàní.


Agboolé Ládòkun, Ìsẹ́yìn.
9 Dìsẹ́ńbà, 1983.

Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń kírun? Ìrun ni mo béèrè kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó ṣáájú, kí o sì dá mi lóhùn rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ òtútù bò ó mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ìwé tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ń lò, n kò fẹ́ kí akọ̀wé kankan máa mọ ọ̀rọ̀ ilé mi. Bí o bá rí ibi tí kálàmù ti ṣẹ́rí, fojú fò ó.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá yẹn ti ń gba orí omi kọjá, Àmọ̀kẹ́ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ẹ bi í, ṣé ó ti ń mutí?" Mo ṣàlàyé fún un pé omi ibẹ̀ máa ń dì bí ọ̀rá ẹran ṣe ń dì nínú ìkòkò ní àárọ̀ ọyẹ́. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó gun alùpùpù lórí ọ̀rá. Nítorí náà, nígbà tí o bá tún kọ̀wé, bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, má pa á lẹ́kún. Orúnkún rẹ̀ ti sàn, ẹnu ló kù.

Ní báyìí, jẹ́ kí n bá ọ wí. Òwú tí o ń hun lọ́wọ́ nígbà tí o fi ń lọ ṣì wà níbí. Mo ká a, mo sì gbé e kọ́ òkè àjà nínú yàrá mi. Bí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo máa ń sá a, mo máa ń gbọn eruku rẹ̀, mo sì máa ń gbé e padà. Jímọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun hun ún tán, pé ó ń gba ààyè. Mo ní ẹni tó ta á ni yóò hun ún. A sì jà díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí o béèrè. Nígbà tí o ń lọ, o ní ọdún méjì péré. Ọdún wo la wà yìí, Àjàní? Gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè rẹ ni mo ń sọ fún pé ọwọ́ rẹ ti gbàgbé òfì pátápátá, pé alùpùpù àwọn ará òtútù ló mọ̀ báyìí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ń sọ ọ́.

Ní ti bẹ́líìtì tó ń fò yẹn, inú mi dùn pé o rántí pé o ní bàbá. Ọ̀rọ̀ tó yé mi nìyẹn. Ó dẹ̀ ni! Ta á! Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ṣe lábẹ́ òfì mi nígbà tí o kéré ni? Lórí pátákó tí a máa ń so ìdí òwú mọ́ lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn yòókù ti ń gbé òkúta lé e kí òwú lè le, ìwọ ni mo máa ń gbé síbẹ̀. Bí mo bá ṣe ń hun aṣọ ni pátákó á máa wọ́ ọ bọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ìwọ á máa rẹ́rìn-ín títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ mi. Òwú mi kì í dẹ̀ nígbà náà, nítorí o sanra. Nítorí náà, ta bẹ́líìtì bàbá náà títí á fi máa dún bí o bá fi ìka kàn án. Má jẹ́ kó gùn ún lọ síbì kankan kí o tó ta á le.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Irú á wá.

Bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì Ládòkun.


Mànítóbà, Kánádà.
29 Dìsẹ́ńbà, 1983.

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé lẹ́tà fẹ́ẹ́ gbéra, n kò sì mọ ìgbà tí òmíràn yóò tún dé.

Isaac kò tíì padà. Ó gbé oògùn, ó gun alùpùpù náà lọ sórí adágún, ìjì sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Kò dé òdì kejì. Kò padà sí ibí. Ìjì ṣì bo gbogbo apá ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè lọ wá a.

Mo ta bẹ́líìtì náà le bí òwú. Mo fi ìka kàn án, ó dún. Kò fò mọ́. Isaac wò ó, ó ní lójú òun ó dà bí ẹni pé ó le jù. Mo ní rárá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, pé mo mọ̀ ọ́n láti ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ọ̀gá mi kò sí nílé nígbà náà. Nígbà tó dé tí mo sọ bí mo ṣe ta á fún un, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bẹ́líìtì tó bá le tó bẹ́ẹ̀ á gbóná, á há, alùpùpù á sì dúró sójú ọ̀nà.

Bàbá, bí bàbá yìí bá kú, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló pa á. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Awakọ̀ ń pè mí.

Ràmọ́nì.


Agboolé Ládòkun, Ìsẹ́yìn.
27 Jánúárì, 1984.

Àjàní,

Lẹ́tà rẹ dé. Ṣé ó ti padà?

Wàá ti gbọ́ lórí rédíò pé ṣọ́jà ti gba ìjọba níbí. Má fòyà nítorí wa, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àwọn èèyàn ń jiyàn ìjọba lójúde, èmi kò rí ti ìjọba rò. Ti bàbá yẹn ni mo ń rò.

Lẹ́tà mi ló ṣe é. Ìwọ kò kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ dáadáa ni ọ́, o bo àṣírí mi. O ní o mọ̀ ọ́n láti ilé. Ta ni ilé? Èmi ni. Mo jókòó sí Ìsẹ́yìn, nínú oòrùn, n kò rí yìnyín rí, n kò rí alùpùpù tí kò ní táyà rí, mo sì mú kálàmù, mo ní "ta á títí á fi máa dún." Ta ló rán mi? Ìwọ tilẹ̀ kò bi mí léèrè tán. Inú mi kàn dùn pé ọ̀rọ̀ òfì wọ inú lẹ́tà rẹ, ni mo bá ń pàṣẹ bí ọba. Bí ọkùnrin náà bá kú, èmi ni kó o dárúkọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Má sọ pé ìwọ ni. Sọ fún wọn pé bàbá mi ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Yẹ̀kínì, ó wà ní Ìsẹ́yìn, kò ní sá.

N kò lè pa á mọ́ra, mo lọ bá lèmọ́mù. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe àdúà fún Ìsíákà. Wọ́n ní, "Ìsíákà wo?" Mo ní bàbá Àjàní nílùú òyìnbó. N kò sì parọ́, ìwọ lo ní ó mú ọ bí ọmọ. Gbogbo jámáà ló ṣe àmín. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń bi mí, "Ìsíákà ńkọ́?" Èèyàn tí wọn kò rí rí o! Mo ń sọ fún wọn pé a ń retí. Ìyá rẹ dín àkàrà, ó fi ṣe sàárà fún àwọn ọmọ ilé kéú. Kò tún fi ọ̀rọ̀ omi dídì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

N kò tíì lè hun aṣọ. Mo máa ń jókòó sídìí òfì, bí mo bá ti fọwọ́ kan òwú tí mo gbọ́ bó ṣe le, mo máa ń dìde. Jímọ̀ rò pé ara mi kò yá. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Má fi ojú ara rẹ gbolẹ̀. Jẹun. Kó o sì dá mi lóhùn, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré: ó wà, tàbí kò sí.

Bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì.


Agboolé Ládòkun, Ìsẹ́yìn.
14 Fẹ́búárì, 1984.

Àjàní,

Síbẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ débi pé ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé, Àrínọlá, ti máa ń mi orí sí mi láti òkèèrè kí n má baà sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá rẹ ní bóyá ìwọ náà ti wọ orí omi lọ láti wá a. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nítorí èmi náà ti ń rò ó. Bí o bá wà láàyè tí o kàn ń bínú sí mi, bínú, mo gbà. Ṣùgbọ́n fi ìbínú náà sínú lẹ́tà, kí o fi ránṣẹ́.

Bàbá rẹ.


Mànítóbà, Kánádà.
20 Fẹ́búárì, 1984.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Isaac wà láàyè. Mo kọ ọ́ ṣáájú ìkíni kí ẹ lè rí i kíákíá. Ẹ pe ìyá mi, kí ẹ kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: ó wà láàyè, èmi náà wà láàyè, ara wa sì le. Ó yá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ tí wọ́n mú un dé ni mo ti kọ̀wé sí yín, ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, mo sì ti rò pé ẹ ti ń yọ̀ láti ìgbà náà. Ìgbà tí lẹ́tà yín dé lánàá, tí mo rí i pé ẹ kò tíì gbọ́, mo fi sípánà sílẹ̀, mo kúrò níbi iṣẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tó dé àárín adágún, bẹ́líìtì ti gbóná débi pé ike tó fi ń yọ̀ lábẹ́ irin yọ́ mọ́ ọn lára, ó sì há. Ìjì dé bá a níbẹ̀. Isaac kò bá ìjì jà. Ó dá alùpùpù náà dùbúlẹ̀ kí ó lè gba afẹ́fẹ́ dúró, ó gbẹ́ ihò sínú yìnyín bí okété, ó fi tapólì bo ẹnu rẹ̀, ó wọ inú rẹ̀ lọ jókòó. Ó ní òun sùn. Ó ní òun tilẹ̀ lálàá. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé àbà àwọn apẹja kan, wọ́n fún un ní ẹja gbígbóná, wọ́n sì bá a gbé oògùn dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Ọkọ̀ òfuurufú ló lọ gbé e wá. Òtútù ba ìka rẹ̀ méjì jẹ́ lórí, ṣùgbọ́n dókítà ní wọn kò ní gé wọn.

Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yìnyín, níwájú gbogbo ìlú. Kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó rò pé mo yọ̀ ṣubú ni, ó sì ń fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé yẹn gbìyànjú láti gbé mi dìde. Mo sunkún, Bàbá. N kò ní parọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé lẹ́tà yín ló ṣe é, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Lẹ́tà yín kò tíì dé nígbà tí mo ta bẹ́líìtì náà. Kò dé títí Isaac fi lọ, kò sì dé títí Isaac fi bọ̀. Ìdí sítóòfù mi ló jókòó sí, ó ń mu tíì, nígbà tí wọ́n mú lẹ́tà náà wá. Mo já a níṣojú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní kí n ta á títí á fi máa dún, n kò lè kà á mọ́. Ó ní kí ni? Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìwọ àti bàbá rẹ!" Ó ní kí n tún un kà.

Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo rí i pé ó dẹ̀, ọwọ́ mi lọ síbi sípánà. Mo yí i, mo fi ìka kàn án, mo tún un yí, títí ó fi dún. Ìgbà tó dún ni ara mi tó balẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé òfì ni mo ń rò. Ìgbà tí Isaac béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń ta nǹkan le báyìí ni mo tó mọ̀. Mo sọ fún un bí ẹ ṣe máa ń gbé mi sórí pátákó. Ó ní kí n sọ ọ́ dáadáa, ó fẹ́ mọ bí pátákó ṣe ń rìn láìsí yìnyín.

A ti tún alùpùpù náà ṣe. Wíìlì tó ń yí bẹ́líìtì ló ti gbó, eyín rẹ̀ kò bá ti tuntun mu, ìdí rẹ̀ tó fi ń fò nìyẹn. A pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti títa, Isaac kọ́ mi: ó gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó so kẹ́tùlù tó kún fún omi kọ́ àárín bẹ́líìtì lábẹ́, ó sì dẹ̀ ẹ́ títí ó fi wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Mo ní ojú mi kò gbà á. Ó ní kí n dijú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi fúnra mi ló gbé lẹ́yìn, a kọjá adágún, a sì padà. Kò fò, kò gbóná.

Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá òun lè fojú rí aṣọ tí wọ́n ń ta le tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ kí jámáà fún mi. Mo sọ fún un pé wọ́n ń pè é ní Ìsíákà níbẹ̀. Ó ní ó dára, òun ti ní orúkọ níbi tó móoru.

Ìyá mi, n kò mutí o.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́nì Àjàní.


Agboolé Ládòkun, Ìsẹ́yìn.
19 Máàṣì, 1984.

Àjàní, ọmọ mi,

Ọlọ́run ṣeun! Àrínọlá kò mi orí lọ́jọ́ náà. Ó na lẹ́tà sókè láti ojú fèrèsé, mo sì ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láàárín títì. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti kà á. Mo kígbe. Àwọn èèyàn sáré wá, wọ́n rò pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ìsíákà ti dé!" Kí n tó dé ilé, wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ, ó sì ti jó débi pé orúnkún tún ń dùn ún. Nígbà tí a kírun Jímọ́ọ̀, lèmọ́mù sọ ọ́ fún jámáà, wọ́n sì ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó bí ọmọ tuntun. Ọkùnrin kan bi mí pé ìgbà wo ni Ìsíákà ń bọ̀ wá kí wa. Mo ní bí omi bá ti yọ́.

Lẹ́tà rẹ ti Jánúárì tó sọnù náà ti dé. Ìwéré-Ilé ni wọ́n ṣèèṣì gbé e lọ, ẹnì kan tó mọ orúkọ wa ló fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí wa. Mo ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ mo jókòó, mo kà á bí ẹni tí kò gbọ́ rí, mo sì tún yọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe èmi. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, Àjàní, mo sùn títí oòrùn fi là, Àmọ̀kẹ́ ló jí mi. Nígbà tí ọkàn mi wá balẹ̀ tán, mo tún ka ibi tí o ti ní ọwọ́ rẹ ló lọ síbi sípánà, tí ara rẹ kò balẹ̀ títí ó fi dún. Mo kà á fún Jímọ̀. Mo ti ń sọ káàkiri pé ọwọ́ rẹ ti gbàgbé òfì. Mo ti lọ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, láti ilé dé ilé. Ó yẹ kí n bá ọ wí pé o fẹ́ẹ̀ pa bàbá oníbàbá. N kò lè bá ọ wí. Inú mi dùn jù. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Mo fi aṣọ ránṣẹ́ sí Ìsíákà. Àtinúkẹ́, ọmọ ará Ṣakí kan tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Toronto, ló ń gbé e bọ̀, yóò fi í ránṣẹ́ sí ọ láti ibẹ̀. Ìborùn ni, kó máa fi wé ọrùn. Irú rẹ wà nínú agolo lọ́tọ̀, ìyá rẹ fi ọ̀rá dì í, ó tún fi òmíràn dì í, síbẹ̀ ó ń rùn. Bí ìborùn náà bá ń rùn, sọ fún Ìsíákà pé kì í ṣe bí aṣọ wa ṣe máa ń rí nìyẹn.

Wò ó dáadáa kí o tó fún un. Òwú tìrẹ ni. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òkè àjà, mo sì hun ún tán fúnra mi. Níbi tí ọwọ́ rẹ dúró sí, mo fi òwú pupa kan sàmì sí i. Fi ìka kàn án ní apá tìrẹ, kí o tún fi kàn án ní apá tèmi. Tìrẹ le ju tèmi lọ. Bóyá ogbó ni, bóyá Ìsíákà ló sì ti kọ́ èmi náà láti dẹ ọwọ́ díẹ̀. N kò ní béèrè ọdún tí a wà lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ìgbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wá.

Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo so ìdí òwú mọ́ pátákó lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri, mo sì gbé òkúta lé e. Bí mo ṣe ń hun ún ni pátákó ń wọ́ bọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbójú sókè. Èmi fúnra mi ni mo gbé òkúta lé e, mo sì mọ̀ pé òkúta ni. Síbẹ̀, mo gbójú sókè wò ó.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun gbà pé o kò mutí.

Bàbá rẹ tó ń yọ̀,
Yẹ̀kínì Ládòkun.